Orúnkún Ni A Fẹ̀sùn Kàn, Ọrùn Ló Jẹ̀bi

Fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án, orúnkún màmá mi ni gbogbo ilé wa ń bá ṣẹjọ́. Màmá ti lé díẹ̀ lọ́gọ́ta ọdún. Èlùbọ́ àti ẹ̀wà ni wọ́n ń tà ní Agége, wọn kì í sì í ṣe ẹni tó máa ń ráhùn. Nígbà tí wọ́n wá ń sọ pé ẹsẹ̀ àwọn wúwo, pé ó ń ṣe àwọn bíi pé ẹnì kan so irin mọ́ àwọn lẹ́sẹ̀, gbogbo wa la ti mọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Làkúrègbé ni. Ìyá ta ló dàgbà ní Èkó yìí tí orúnkún rẹ̀ kì í dùn ún?

A lọ ya X-ray orúnkún. X-ray náà fi hàn lóòótọ́ pé eegun orúnkún ti ń jẹ. Ó parí, ẹjọ́ ti dá. Wọ́n kọ oògùn ìrora fún wọn, wọ́n gún wọn lábẹ́rẹ́ sí orúnkún. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ra òróró ìpara lórí Instagram. Àbúrò bàbá mi gbé àgbo wá. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ojú lásán. Èmi ni mo sanwó ọ̀pọ̀ nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí, kò sì sí èyí tó ṣiṣẹ́. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú.

Nǹkan kan tún wà tí kò sẹ́ni tó kà á sí nínú wa. Màmá ò lè ka owó dáadáa mọ́. Kì í ṣe pé wọn ò mọ iye rẹ̀ o, ọwọ́ wọn ni kò gbọ́ràn. Náírà á máa bọ́ sílẹ̀. Wọn ò lè di ojú ọ̀rá ẹ̀wà mọ́, ọmọ tó ń bá wọn tajà ló ń bá wọn dì í. A ní àgbà ló ń dé.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà yí padà, kì í ṣe tìtorí ẹsẹ̀ la ṣe lọ sí ọsibítù. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni Màmá fẹ́ gbà. Dókítà obìnrin kan tí kò dà bí ẹni tó tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún ló dá wa lóhùn. Ó rí bí Màmá ṣe wọlé, tí wọ́n ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Mo na X-ray sí i, ó gbé e sórí tábìlì, kò tíì wò ó. Ó ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì yìí, kẹ́ ẹ jẹ́ kẹ́sẹ̀ yín máa fì.” Ó yọ òòlù kékeré kan tí orí rẹ̀ jẹ́ rọ́bà jáde nínú àpò ẹ̀wù funfun rẹ̀.

Màmá ní, “Ọmọ mi, ṣé orúnkún tó ń dùn mí náà lẹ tún fẹ́ fọ́ ni?”

Ó rẹ́rìn-ín, ó kàn án fẹ́ẹ́rẹ́ lábẹ́ orúnkún. Ẹsẹ̀ Màmá fò sókè bí ẹni tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù. Ó kan ìkejì, òun náà fò bẹ́ẹ̀. Ó fi ìdí òòlù náà ha àtẹ́lẹsẹ̀ wọn, àtàǹpàkò wọn sì dìde sókè dípò kó tẹ̀ wálẹ̀. Ó yẹ ọwọ́ wọn wò. Ó wá kọjú sí mi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, orúnkún kọ́ ló ń dààmú Màmá. Ọrùn ló yẹ ká lọ wò.”

Gbogbo ẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Nígbà tí a ya MRI ọrùn, a rí i pé eegun àti tìmùtìmù àárín eegun ọrùn ti tẹ okùn tó ń ti ọpọlọ bọ̀ wá sí ara. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn. Lónìí, Màmá ń fi ọ̀pá rìn, wọn kì í ṣubú mọ́, ṣùgbọ́n ìka ọwọ́ wọn ò padà sí bó ṣe wà. Dókítà tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà ti sọ fún wa tẹ́lẹ̀: iṣẹ́ yìí lè dá àìsàn náà dúró kó má burú sí i, ṣùgbọ́n ohun tó ti bàjẹ́ fún ìgbà pípẹ́ lè má padà tán. Oṣù mẹ́sàn-án yẹn ló ń dùn mí.

Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí nìyí. Kẹ́ ẹ tó san owó ńlá fún ẹ̀rọ ayàwòrán, ẹ jẹ́ kí dókítà fọwọ́ kàn yín, kó sì kan orúnkún yín. Tí kò bá ṣe é, tó sì jẹ́ pé ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ lẹ bá wá, ẹ bi í léèrè.

Mo kàwé gboyè nínú ìmọ̀ òfin. Lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ wa nípa ẹ̀rí ni pé ẹ̀rí lè jẹ́ òótọ́ pọ́nńbélé, kó má sì kan ẹjọ́ tó wà nílẹ̀. X-ray orúnkún Màmá ò parọ́. Orúnkún wọn ń jẹ lóòótọ́, bíi ti ọ̀pọ̀ obìnrin tó ti tó ọjọ́ orí wọn. Ṣùgbọ́n orúnkún tó ń jẹ kì í jẹ́ kí náírà bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn. Èmi tí mo kẹ́kọ̀ọ́ òfin wo ẹ̀rí tí kò kan ọ̀rọ̀, mo sì fi dájọ́. Ẹ̀rọ ayàwòrán máa ń dáhùn ìbéèrè tí a bá bi í ni. Tẹ́ ẹ bá ya orúnkún, orúnkún ló máa sọ. Ká ní ìbàdí la yà fún Màmá, á ṣeé ṣe kí wọ́n ní kò fi bẹ́ẹ̀ sí nǹkan níbẹ̀, àwa náà á sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nígbà tí ọrùn ń bàjẹ́ lọ. Òòlù kékeré yẹn ló sọ ibi tó yẹ ká lọ yà.

Báwo ló ṣe mọ̀ ọ́n? Lábẹ́ eegun pẹlẹbẹ tó bo orúnkún, iṣan líle kan wà tó so ó mọ́ ojúgun. Òun ni ẹran itan iwájú fi ń na ẹsẹ̀. Tí wọ́n bá kan iṣan yìí, ẹran itan á nà díẹ̀ lójijì. Nínú ẹran itan yẹn ni àwọn aṣọ́nà tín-tìn-tín wà, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kí wọ́n máa ṣọ́ bó ṣe ń nà. Wọ́n á ránṣẹ́ lọ sínú okùn tó gba inú eegun ẹ̀yìn kọjá, ní apá tí àwọn dókítà ń pè ní L3 àti L4. Ibẹ̀ gan-an ni èsì ti ń jáde, kò dúró de ọpọlọ. Èsì náà ni pé kí ẹran itan fà padà. Á fà, ẹsẹ̀ á sì fò. Kí ìdámẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan tó pé, ó ti bẹ̀rẹ̀. Èyí ni àwọn dókítà ń pè ní reflex.

Ó dà bíi kí káńsù dí kòtò ojú títì láì dúró de àṣẹ Àbújá. (Mo mọ̀ pé àwáwí ni fún ọ̀pọ̀ nínú yín, ẹ ṣáà bá mi fojú inú wò ó.) Ṣùgbọ́n Àbújá ò sùn. Gbogbo ìgbà ni ọpọlọ ń ránṣẹ́ sí ìsàlẹ̀ pé kí wọ́n máa rọra ṣe é, kó má pọ̀ jù. Ìyẹn ni ẹsẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣe máa ń fò níwọ̀nba.

Tó bá jẹ́ pé waya ìsàlẹ̀ ló já, ìyẹn iṣan tó ń ti ẹsẹ̀ ránṣẹ́ lọ tàbí èyí tó ń gbé èsì bọ̀, wọ́n á kan orúnkún títí, ẹsẹ̀ ò ní mira. Tó bá sì jẹ́ pé ọ̀nà láti òkè wá ló dí, nínú ọpọlọ tàbí nínú okùn ọrùn àti ẹ̀yìn, kò ní sẹ́ni tó máa sọ fún káńsù pé kó rọra mọ́. Ẹsẹ̀ á wá fò kọjá ààlà. Ohun tí dókítà yẹn rí lára Màmá nìyẹn. Nígbà tó sì jẹ́ pé ọwọ́ náà ní àrùn, ó mọ̀ pé ibi tó dí gbọ́dọ̀ ga ju ìbàdí lọ. Ó ronú gòkè títí tó fi dé ọrùn.

Ọgbọ́n yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1875 ni dókítà méjì ní Jámánì, Wilhelm Erb ní Heidelberg àti Carl Westphal ní Berlin, kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn kan náà, oníkálukú pẹ̀lú ìwádìí tirẹ̀. Wọn ò tiẹ̀ fẹnu kò lórí ohun tó fà á. Erb ní reflex ni, Westphal ní ẹran itan fúnra rẹ̀ ló ń ta. Erb ló jàre. Ṣùgbọ́n Westphal ló jẹ́ kí ayé mọ̀ pé orúnkún tí kò fò rárá lè jẹ́ àmì pé okùn ẹ̀yìn ti bàjẹ́. Nígbà tó di 1888, John Madison Taylor ní Philadelphia ṣe òòlù onírọ́bà fún iṣẹ́ yìí. Ní 1896, Joseph Babinski ní Paris ṣàlàyé ìtumọ̀ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ tó ń dìde sókè nígbà tí wọ́n bá ha àtẹ́lẹsẹ̀ àgbàlagbà. Kò sí MRI nígbà náà. Ohun tí dókítà yẹn fi dá Màmá mi yọ ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó nìkan ni. Ní UCH Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, ọmọ Òkèmẹ̀sí Èkìtì, wádìí àìsàn kan tó ń dààmú àwọn ènìyàn ní agbègbè bí Ẹ̀pẹ́. Ní 1968, ó gbé ìwádìí rẹ̀ jáde nínú Brain, ìwé ìròyìn ìmọ̀ ìṣègùn ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn aláìsàn náà ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ tí wọ́n bá ń rìn, ẹsẹ̀ wọn ń jó wọn, ojú àwọn kan ń ṣú, etí àwọn mìíràn ń di. Tí wọ́n bá fi òòlù kan ẹsẹ̀ wọn, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ni kì í fò. Ìyẹn ń tọ́ka sí àwọn waya ìsàlẹ̀. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń jẹ lójoojúmọ́, pẹ̀lú oró cyanide tó wà nínú rẹ̀, ló fura sí.

Ẹ wá wo Congo. Níbẹ̀, ẹ̀gẹ́ kíkorò tí wọn ò rẹ dáadáa ni wọ́n so àìsàn mìíràn mọ́, tó ń jẹ́ konzo. Dókítà Trolli kọ nípa rẹ̀ ní 1938. Ní èdè Yaka, ẹsẹ̀ tí wọ́n dè ni ìtumọ̀ orúkọ náà. Ó máa ń mú ènìyàn lójijì, ẹsẹ̀ méjèèjì á le. Tí wọ́n bá kan orúnkún àwọn wọ̀nyí, ńṣe ló máa fò kọjá ààlà. Ẹ̀gẹ́ níhìn-ín, ẹ̀gẹ́ lọ́hùn-ún, ẹsẹ̀ ló ń dun àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ibi tó ti bàjẹ́ nínú ara yàtọ̀ síra, òòlù sì fi ìyàtọ̀ náà hàn. (Ẹ má tìtorí èyí da gàrí yín nù o. Rírin ẹ̀gẹ́, fífún un, jíjẹ́ kó kan dáadáa àti yíyan án ló ń lé ọ̀pọ̀ oró náà lọ. Àwọn ìyá wa mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.)

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń kà mí lórí fóònù lè máa rò pé ọ̀rọ̀ àwọn arúgbó ni mò ń sọ. Rárá. Àìsàn kan wà tó ń jẹ́ Guillain-Barré, ó lè mú ọmọ ogún ọdún. Ó sábà máa ń tẹ̀ lé òtútù tàbí ìgbẹ́ gbuuru. Ẹsẹ̀ á kọ́kọ́ rọ, láàárín ọjọ́ mélòó kan á gòkè dé ọwọ́, ó sì lè dé àyà, kí mímí di ìṣòro. Bí ẹsẹ̀ ṣe ń rọ tí orúnkún ò sì fò mọ́ jẹ́ ohun tó máa ń jẹ́ kí dókítà tètè fura. Ẹ fojú inú wo irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n gbé lọ sórí òkè àdúrà fún ọjọ́ márùn-ún torí pé wọ́n ní wọ́n ta á lọ́fà. Àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà náà ń bẹ. Nínú wọn, fífò ọrùn ẹsẹ̀ sábà máa ń kọ́kọ́ lọ, kí ti orúnkún tó tẹ̀ lé e, nígbà míì kí ẹni náà tó mọ̀ pé àtẹ́lẹsẹ̀ òun ti ń kú.

Ó yẹ kí n sọ apá kejì náà, torí adájọ́ tó gbọ́ ẹnu ẹnì kan ò tíì gbọ́ ẹjọ́. Òòlù kì í ṣe Ọlọ́run. Àwọn dókítà máa ń fi nọ́ńbà 0 dé 4 wọn bí ẹsẹ̀ ṣe fò, 2 sì ni ti ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ara wọn dá ṣáṣá tí tiwọn kì í fi bẹ́ẹ̀ fò, àwọn kan sì wà tó ń fò gan-an torí pé ẹ̀rù ń bà wọ́n. Ìyàtọ̀ àárín ọ̀tún àti òsì, àti àárín ọwọ́ àti ẹsẹ̀, ló máa ń sọ ọ̀rọ̀ jù. Tí dókítà bá ní kẹ́ ẹ fi ìka ọwọ́ méjèèjì kọ́ ara wọn kẹ́ ẹ sì máa fà á, kì í ṣe eré ló ń bá yín ṣe. Ọgbọ́n Ernő Jendrassik ti Hungary ni, ó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ tó lọ́ra fò. Nítorí náà, ẹ má lọ máa fi ọmọ odó kan orúnkún ara yín nílé kẹ́ ẹ wá sọ pé èmi ni mo ní kẹ́ ẹ ṣe é. Tí ẹnu ẹnì kan bá wọ́ lójijì tàbí tí apá kan ara rẹ̀ bá rọ, rọpárọsẹ̀ lè ni. Ẹ má dúró de òòlù kankan, ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Tí ẹsẹ̀ bá ń rọ, tí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ ò sì gbọ́ràn mọ́, ohun kan náà ni kẹ́ ẹ ṣe.

Kí ló dé tí wọn kì í ṣe é tó? Mo mọ̀ pé àwọn dókítà wa kò tó. Ọ̀pọ̀ ti já pa. Àwọn tó kù ń wo aláìsàn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tí èrò sì kún ẹnu ọ̀nà. Kíkọ ìwé pé kí aláìsàn lọ ya X-ray yá ju kíkan oríkèé mẹ́jọ lọ. Ṣùgbọ́n àwa náà dá kún un. Tí dókítà bá fọwọ́ kàn wá tó sì ní ká má tíì lọ ya nǹkan kan, a ó ní kò mọ iṣẹ́. Tó bá kọ àyẹ̀wò rẹpẹtẹ, ó di ọ̀gá. Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe wọlé lọ́jọ́ náà, tí mo na X-ray síwájú bí ẹni tó gbé ìdájọ́ ilé ẹjọ́ gíga wá.

Òfin wà lẹ́yìn yín. Abala 23 nínú Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti 2014 ní kí ẹni tó ń tọ́jú yín sọ bí ìlera yín ṣe rí fún yín, kó sọ oríṣiríṣi àyẹ̀wò àti ìtọ́jú tó wà, pẹ̀lú àǹfààní, ewu àti iye owó wọn. Ó tún ní níbi tó bá ti ṣeé ṣe, kí wọ́n sọ ọ́ ní èdè tó yé aláìsàn. Ẹ gbọ́ yẹn dáadáa. Ìyá yín ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́ ọ ní Yorùbá. Ẹ kò nílò agbẹjọ́rò kẹ́ ẹ tó lò ó, ẹ kò sì nílò ariwo. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ lẹ máa sọ ọ́: “Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fura sí? Kí ni àyẹ̀wò yìí máa sọ fún wa? Ṣé ẹ lè bá wa yẹ ẹsẹ̀ àti ọwọ́ wọn wò kó tó di pé a lọ?” Dókítà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú.

Tẹ́ ẹ bá ń mú àgbàlagbà lọ, ẹ kọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ rí sílẹ̀, kì í ṣe ibi tó ń dùn ún nìkan. Ká ní mo ti sọ fún dókítà àkọ́kọ́ pé Màmá ò lè di ọ̀rá ẹ̀wà mọ́, bóyá oṣù mẹ́sàn-án ì bá ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mi ò sọ ọ́, torí mo rò pé ọwọ́ kò kan ẹsẹ̀.

Màmá ti padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ tó ń bá wọn tajà ló ṣì ń ka owó, àwọn náà á jókòó tì í, wọ́n á máa kà á pẹ̀lú ẹnu. Tí oníbàárà kan bá wá ń ráhùn pé ẹsẹ̀ ń dun òun, wọn kì í dárúkọ oògùn fún un mọ́. Wọ́n á bi í bóyá dókítà ti kan orúnkún rẹ̀.